Ìbéèrè Tí Mo Gbé Lọ Bá Alfa Sùlé

Àgbàlá tí a gbé ní Koumassi, nílùú Abidjan, nígbà tí mo wà ní ọmọdé kò tóbi, ṣùgbọ́n ariwo inú rẹ̀ tó ti odidi àdúgbò. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wàá ti gbọ́ tí omi ẹ̀rọ ń ta sínú ike, tí ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà ń fá ilẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, tí màṣíìnì ìránṣọ Màmá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì àti àpò ìrọ̀rí ni Màmá máa ń rán, Bàbá a sì bá a kó wọn lọ sí ọjà Treichville, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń ta abọ́ tánganran àti ìkòkò. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni ohùn Alfa Sùlé máa ń dìde láti yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Á pe àwa ọmọ kéwú lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, á bá ẹni tó bá ń sunkún oorun ṣeré, á ní kí a gbé wàláà wa jáde. Mo ti gbé ilé tó dára ju ìyẹn lọ láti ìgbà náà. Èyí tí mo wà nínú rẹ̀ ní Marcory báyìí ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ àti omi tirẹ̀. Síbẹ̀, tí mo bá jí láàárọ̀ tí gbogbo ibi pa rọ́rọ́, etí mi ṣì máa ń retí ohùn ọkùnrin yẹn.

Inú agboolé kan náà ni Bàbá àti Alfa Sùlé ti wá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n jọ jẹ ẹgba lọ́wọ́ alfa kan náà ni, nígbà tí wọ́n sì dàgbà, wọ́n jọ gba Bẹ̀nẹ̀, wọ́n gba Tógò, wọ́n gba Gánà, títí wọ́n fi dé Abidjan. Bàbá mú òwò, Sùlé mú kéwú. Nígbà tí ìyàwó Sùlé kú síbi ìkúnlẹ̀, tòun tọmọ, Bàbá ló lọ kó ẹrù rẹ̀ wá sí àgbàlá wa, ó ní ọkùnrin kì í dá ilé gbé nílẹ̀ àjèjì. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun dé, inú abọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ti máa ń jẹun, lórí ẹní, lábẹ́ igi máńgòrò. Màmá á ti se ìrẹsì, á ti din ẹja, á ti din ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní alókò. Bàbá á fi ìka ti ẹja sápá ọ̀dọ̀ Alfa, Alfa á tì í padà, ẹja náà á máa lọ á máa bọ̀, títí Ìyá Àgbà, tó bí Bàbá, á fi sọ láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pé, “Ẹ gbé e fún mi, bí ẹ̀yin méjèèjì ò bá fẹ́ ẹ.” Orúkọ lásán ni wọ́n ń pe ara wọn, Làmídì àti Sùlé, bẹ́ẹ̀, yàtọ̀ sí Ìyá Àgbà, a kì í gbọ́ kí ẹlòmíràn pe Bàbá ní Làmídì ní gbogbo Abidjan.

Alfa Sùlé kì í na ọmọ púpọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni pé kì í bínú sí ìbéèrè. Àwọn àgbà yòókù nílé wa, bí o bá bi wọ́n ní nǹkan tí wọn ò mọ̀, wọ́n á ní o ti ń gbọ́n jù. Alfa ní tirẹ̀ máa ń sọ pé “Mi ò mọ̀” wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń kí èèyàn ẹ kú iṣẹ́. Mo bi í nígbà kan pé, omi hàǹtú tí a fi ń fọ wàláà tí a sì ń mu, ṣé ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun tó wà nínú rẹ̀ kò ní bá àtíẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe àti ata jà nínú wa. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òun máa ronú sí i. Ní ọjọ́ kejì ó pè mí, ó ní òun ti ronú, ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun kì í bá ẹnikẹ́ni du àyè. “Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, Ràbí,” ó máa ń wí bẹ́ẹ̀. “Ẹni tó bá ń tijú àtibéèrè ló máa ń sùn sínú igbó.”

Ọdún tí mo wọ sixième, ìyẹn kíláàsì àkọ́kọ́ ní kọlẹ́ẹ̀jì, ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a ń pè ní Monsieur Kouassi ló ń kọ́ wa ní ìtàn, ẹfun ìkọ̀wé kì í sì í kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó kọ́ wa dá lé ibi tí ọmọ aráyé ti ṣẹ̀. Ó ní Áfíríkà ni ibùsùn tí wọ́n tẹ́ ìran ènìyàn sí nígbà tó ṣì jẹ́ ìkókó. Ó ní wọ́n wú eegun jáde láti inú ilẹ̀ jíjìn, eegun àwọn kan tí orí wọn kéré sí tiwa ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fẹsẹ̀ méjì rìn bíi tiwa, tí àwọn tó wá lẹ́yìn wọn sì mọ bí a ṣe ń fi òkúta gbẹ́ ọ̀bẹ. Ó yà wọ́n sójú pátákó lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ẹni tó tẹ̀ kọdọrọ títí dé ẹni tó nàró. Ó ṣàlàyé pé ọ̀bọ kọ́ ló bí wa, pé àwa àti ọ̀bọ dà bí ọmọ bàbá kan tí wọ́n ti pínyà tipẹ́tipẹ́ tí wọn ò mọ ara wọn mọ́, àti pé díẹ̀díẹ̀, láti ara òbí sí ara ọmọ, ni oníkálùkù fi yí padà di ohun tó dà lónìí. Ọmọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn mi nawọ́ sókè, ó ní, “Monsieur, àwọn Anàgó náà ńkọ́?” Anàgó ni wọ́n ń pe àwa ọmọ Yorùbá níbẹ̀. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Monsieur Kouassi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àwọn náà. Ìwọ náà. Kò sẹ́ni tó já bọ́ láti ojú ọ̀run sí Abidjan.” Ìgbà yẹn ni àwọn ọlọ́pàá ń béèrè ìwé ìdánimọ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí wa ní gbogbo ìkóríta nítorí pé wọ́n jẹ́ àjèjì, tí ọmọ tí a jọ ń ta òkòtó lè sọ fún ọ pé kí o máa lọ sí ilé yín. Nítorí náà, kí n tó bẹ̀rù ẹ̀kọ́ yẹn, ó kọ́kọ́ dùn mọ́ mi. Mo jókòó, mo gbé àyà, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá láre.

Ẹ̀rù dé nígbà tí mo ń lọ sílé. Ọkùnrin kan tó ń tún mọ́tò ṣe lójú ọ̀nà wa so ọ̀bọ kan mọ́ ìdí igi àgbọn. Ojoojúmọ́ ni mo ń gba ibẹ̀ kọjá, mi ò sì wò ó rí ju kí n fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sọ ọ́ lọ. Lọ́jọ́ náà mo dúró. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní èékánná, ó ní ilà nínú àtẹ́lẹwọ́, ó sì ń yọ nǹkan kúrò lára irun apá rẹ̀ tìṣọ́ratìṣọ́ra bí Ìyá Àgbà ṣe máa ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbójú sókè wò mí, èmi náà wò ó. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìbẹ̀rẹ̀ ayé, Alfa ló kọ́ mi: Ọlọ́hun fi amọ̀ mọ Ánábì Ádámọ̀, ó fẹ́ ẹ̀mí sí i, ó sì ní kí àwọn màlékà forí balẹ̀ fún un. Mi ò mọ ibi tí mo máa fi eegun inú ilẹ̀ sí nínú ìtàn yẹn. Mo rò ó pé bóyá mo ti dá ẹ̀ṣẹ̀ nítorí pé mo gbọ́ ọ, tó sì dùn mọ́ mi. Mi ò lè jẹun dáadáa. Màmá fọwọ́ kan ọrùn mi, ó ní ara mi ò gbóná.

Lẹ́yìn kéwú, nígbà tí àwọn ọmọ yòókù ti túká, mo lọ bá Alfa níbi tó ti ń fọ àwọn wàláà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, ó gbé wàláà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti ògiri kí omi lè ro dànù.

“Mi ò mọ̀,” ó wí. “Mi ò gbọ́ ọ rí. Tìṣà yẹn, ṣé ó ń fi yín ṣeré nígbà tó ń sọ ọ́?”

“Rárá, Alfa.”

“Ṣé ó bú Ọlọ́hun?”

“Kò dárúkọ Ọlọ́hun rárá.”

Ó gbọn omi kúrò lọ́wọ́. Ó ní, “Ó yẹ ká lọ bi í.”

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí a jáde kíláàsì lọ́sàn-án, òun ni mo rí lẹ́nu géètì, nínú jalámíà funfun tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ọdún, pẹ̀lú fìlà rẹ̀ tó ti gbó. Alfa kò gbọ́ Faransé ju ti ọjà lọ, nítorí náà èmi ni mo ń túmọ̀. Nígbà tí Monsieur Kouassi rí alfa tó ń bọ̀ wá bá a, ó di àpò rẹ̀ mú pẹkípẹkí, bí ẹni tó ń retí ìjà. Alfa kí i, ó bi í nípa ilé àti ìyá rẹ̀, ó ní òun wá kẹ́kọ̀ọ́ ni. Ọkùnrin náà wò mí bóyá mo túmọ̀ rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó ní kí a wọlé, ó nu ojú pátákó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo.

Alfa bi í pé ta ló rí àwọn èèyàn wọ̀nyẹn. Tìṣà ní eegun wọn ni wọ́n rí. Alfa ní báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé eegun náà pẹ́. Tìṣà fa ilà lórí ilà, ó ní bí ilẹ̀ ṣe ń gun ara rẹ̀ nìyẹn. Alfa ní ó ti yé òun, bí aṣọ inú àpótí ni, èyí tó wà nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Tìṣà rẹ́rìn-ín sí èyí. Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ń gba ẹnu mi kọjá láti apá kan sí apá kejì, títí Alfa fi béèrè pé, “Ṣé wọ́n máa ń sin òkú wọn?” Monsieur Kouassi gbé ẹfun sílẹ̀. Ó ní àwọn tó sún mọ́ wa ń sin òkú, ṣùgbọ́n àwọn tó jìnnà gan-an, kò sẹ́ni tó mọ̀. Alfa tẹjú mọ́ àwòrán èyí tó kéré jù lójú pátákó. Ó ní, “Ọlọ́hun á mọ orúkọ wọn.” Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ fi Faransé sọ ìyẹn, mo kàn sọ ọ́ bó ṣe wá sí mi lẹ́nu. Tìṣà mi ní kí n sọ fún un pé òun náà fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a ń bọ̀, Alfa ra alókò fún mi, a sì ń jẹ ẹ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Inú rẹ̀ dùn bí inú ọmọdé. Mo bi í pé kí wá ni kí n gbà gbọ́. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ yìí tóbi, Ràbí. Má tíì gbé e mì, má sì tíì tu ú dànù. Fi sẹ́nu ná.” Mo ti jókòó níwájú ọ̀pọ̀ olùkọ́ láti ìgbà náà, mi ò tíì rí ẹni tó fún mi ní ìmọ̀ràn tó wúlò fún mi bí ìyẹn.

Ẹnì kan ti rí wa. Bàbá Mùfú, tó ń ta bàtà ní Treichville, tí ọmọ rẹ̀ ń kéwú pẹ̀lú wa, rí Alfa bó ṣe ń jáde nílé ìwé, ó bi í pé kí ló wá ṣe níbẹ̀. Alfa kò mọ irọ́ pa. Ó sọ fún un, pẹ̀lú ẹ̀rín. Bàbá Mùfú gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọjà. Kí ọ̀rọ̀ náà tó ti ìsọ̀ bàtà dé ìsọ̀ abọ́, ó ti di pé Alfa Sùlé ní ọ̀bọ ló bí Ánábì Ádámọ̀, pé ọ̀dọ̀ kèfèrí kan ló ti lọ kọ́ ọ, àti pé ohun tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa nìyẹn. Ìyá Àgbà máa ń sọ pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ tiwa kò tiẹ̀ fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn ni, ẹni kọ̀ọ̀kan sì ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ kó tó gbé e fún ẹnìkejì.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Wọ́n ti kírun dé, Màmá ti gbé abọ́ ìrẹsì sórí ẹní. Alfa ti ṣan ọwọ́. Bàbá jókòó, ṣùgbọ́n kò fa ike omi mọ́ra. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, abẹ̀bẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo sì rí i pé kò wo oúnjẹ náà rárá.

“Sùlé,” ó wí, “wọ́n ní o lọ sí ilé ìwé Ràbí.”

“Mo lọ.”

“Wọ́n ní o ní ọ̀bọ ló bí Ánábì Ádámọ̀.”

“Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀. Tìṣà náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó sọ fún ẹ.”

“Mi ò fẹ́ mọ ohun tó sọ. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ ni pé irọ́ ni. Sọ ọ́ kí ọmọ yìí gbọ́, kí àwọn tó wà nínú yàrá gbọ́, ká jẹun.”

Màṣíìnì Màmá ti dákẹ́ tipẹ́. Alfa wo ọwọ́ rẹ̀ tó tutù, ó nù ún mọ́ orúnkún.

“Mi ò lè pè é nírọ́ nígbà tí mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Mi ò sì pè é ní òótọ́. Ọlọ́hun ló dá wa, Làmídì, ìyẹn dá mi lójú bí mo ṣe ń wò ẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n amọ̀ tó lò, àti bó ṣe pẹ́ tó lórí iṣẹ́ náà, kò pe èmi tàbí ìwọ wá wò ó.”

“Alfa tó bá ní òun ò mọ̀, kí ló wá ń kọ́ àwọn ọmọ?”

“Ohun tí mo mọ̀.”

Bàbá ní, “Kò ní kọ́ tèmi mọ́.”

Kò pariwo. Ì bá pariwo, bóyá Ìyá Àgbà ì bá rí ibi dá sí i, nítorí ìjà aláriwo ni àwọn àgbà wa mọ bí a ṣe ń parí. Alfa dìde. Ó yíjú sí Màmá, ó ní, “Ẹ ṣeun, ìyàwó wa, oúnjẹ náà ń ta sánsán,” ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà jáde wá, ó sì dúró sórí ẹní. “Làmídì,” ó ní, “ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.” Bàbá ní ìbínú kọ́, ẹ̀sìn ni. Kò sẹ́ni tó jẹ ìrẹsì náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Alfa di ẹrù rẹ̀ sínú àpò kan, ó kó àwọn wàláà jọ sẹ́bàá ògiri kí oníkálùkù lè wá mú tirẹ̀, ó wá ṣàdúrà fún Ìyá Àgbà, ó sì wọ wòrò-wòrò, takisí èrò tí wọ́n ń lò níbẹ̀, lọ sí Adjamé ní òdì kejì ìlú. Ó fọwọ́ kàn mí lórí bó ṣe ń kọjá.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Bàbá ní ìwé tí mo kà náà ti tó, kí n jókòó sílé kí n máa bá Màmá ránṣọ. Mi ò gbọ́ kí Màmá jà á níyàn rí ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ó ní, “Bàbá Ràbí, ẹ ti lé Alfa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọmọ kún un.” Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí nínú rẹ̀, èyí tó ká Bàbá lára. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó pè mí, ó ní, “Ohun tí wọ́n bá kọ́ ẹ níbẹ̀, ibẹ̀ ni kó o fi sílẹ̀. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ nílé yìí.” Mo pa àṣẹ náà mọ́ dáadáa jù. Mo fi ẹ̀kọ́ eegun sílẹ̀ lẹ́nu géètì, mo sì fi gbogbo yòókù tì í: èyí tó dùn, èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀bùn tí mo gbà, orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ mi. Láti ọdún yẹn, bí Bàbá bá bi mí pé ilé ìwé ńkọ́, mo máa ń ní ó wà. Òun náà á ní ó dáa. Ohun tó kù láàárín wa nípa iṣẹ́ tí mo fi ìgbà èwe mi ṣe nìyẹn.

Mi ò ka ìbéèrè mi sí ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ tó bá rí ohun tuntun, ó yẹ kó béèrè. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n la ilẹ̀ mẹ́ta kọjá láìpàdánù ara wọn wá pàdánù ara wọn nídìí abọ́ ìrẹsì. Bí mo ṣe ń dàgbà ni mo ń lóye Bàbá díẹ̀díẹ̀. Nílùú yẹn, nígbà yẹn, gbogbo ohun tó ní ni ẹnì kan lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n lè ya ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀, wọ́n lè lé e kúrò ní ìsọ̀. Ohun kan tí kò sẹ́ni tó lè bá a du ni ìtàn bí Ọlọ́hun ṣe dá a àti ìdí tó fi dá a. Ó gbọ́ pé wọ́n ti ń tú ìyẹn náà, àti pé Sùlé, tó yẹ kó dúró tì í, ló lọ ń wò wọ́n. Mo rò pé ẹ̀rù ló bà á. Kò sẹ́ni tó kọ́ àwọn bàbá wa bí a ṣe ń sọ pé ẹ̀rù ń bà mí, nítorí náà wọ́n á ní ẹ̀sìn ni.

Ọdún ń gorí ọdún. Gbogbo Iléyá ni Ìyá Àgbà máa ń di ẹran sínú abọ́, tó máa ń rán mi lọ fún Alfa ní Adjamé, níbi tó ti ń kọ́ ọmọ díẹ̀ lẹ́yìn ìsọ̀ oníṣòwò aṣọ kan. Bàbá mọ̀. Á kọjú sápá ibòmíràn nígbà tí mo bá ń gbé abọ́ náà jáde, ìgbà kan sì wà tí mo rí i tó bu itan kún un nígbà tó rò pé kò sẹ́ni tó ń wo òun. Mo máa ń jókòó ti Alfa díẹ̀. A máa ń sọ̀rọ̀ nípa ohun gbogbo, ìgbà kọ̀ọ̀kan ló sì máa ń bi mí pé, “Làmídì ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ le?” Wọ́n pàdé ní yídì lọ́dún kan. Alfa nawọ́, Bàbá gbà á, ó ní, “Ó tó ọjọ́ mẹ́ta,” Alfa ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn èrò sì ya wọ́n. Bàbá sọ fún Màmá lọ́jọ́ náà pé tí Iléyá mìíràn bá dé, òun á pe Sùlé wá jẹun. Iléyá mìíràn dé, ó ní ọjà kò jẹ́ kí òun ráyè.

Ìyá Àgbà ti kú nígbà tí ìjà tó tẹ̀ lé ìbò dé, tí ìbọn ń dún láàárín ìlú tí àwọn èèyàn wa sì ń wá ọkọ̀ tó máa gbé wọn relé. Ẹnì kan wá sọ ní ọjà pé Alfa Sùlé wà lára àwọn tó ń lọ lọ́jọ́ náà. Bàbá kò kọ́kọ́ padà wálé. Ó ti ìsọ̀, ó wọ takisí lọ sí Adjamé. Àwọn ọ̀dọ́ ti gbé táyà dí ọ̀nà ṣáájú afárá, wọ́n ń tú ẹrù àwọn tó ń kọjá, ẹni tó ń wakọ̀ sì ní òun kò ní kọjá ibẹ̀. Bàbá bọ́ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn títí dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n sì dá a padà. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tó wọlé, bàtà rẹ̀ kún fún èérú. Màmá bi í pé ṣé ó bá a. Ó ní rárá.

Nígbà tí ìlú rọlẹ̀ tán, ìpè wọlé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Fóònù mi ni wọ́n pè, Bàbá ni wọ́n ní kí n gbé e fún. Alfa ṣàìsàn díẹ̀, ó ti kú, wọ́n sì ti sin ín sí agboolé wọn. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà, ó dá fóònù padà fún mi. Ó lọ kírun Alásàárì, ó sì pẹ́ lórí ẹní ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ. Ní ọdún yẹn mo ti wà ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mo ń kọ́. Bàbá ń sọ fún àwọn èèyàn pé nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ ṣe, mi ò sì tún un ṣe. Nígbà tó kírun tán, ó pè mí, ó ní kí n jókòó.

“Ràbí, kí ni tìṣà yẹn sọ gan-an lọ́jọ́ tí ìwọ àti Sùlé lọ?”

Mo wò ó bóyá ó ń dán mi wò. Ojú rẹ̀ kò jọ bẹ́ẹ̀. Mo wá sọ ọ́ fún un ní Yorùbá, bí mo ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún Alfa: eegun tí wọ́n wú, orí tó kéré, ẹsẹ̀ méjì, ọ̀bẹ òkúta, ilẹ̀ tó ń gun ara rẹ̀, bí ayé ṣe pẹ́ tó, bí ohun ẹlẹ́mìí ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti òbí sí ọmọ, àti pé gbogbo aráyé, dúdú àti funfun, ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n ti gbéra. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Mo sọ fún un pẹ̀lú pé kò sẹ́ni tó dárúkọ Ánábì Ádámọ̀ lójú pátákó, pé Alfa nìkan ló dárúkọ Ọlọ́hun nínú yàrá yẹn.

“Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyẹn?”

“Gbogbo ẹ̀ nìyẹn, Bàbá.”

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí orúnkún, ó sì ń wò wọ́n.

“Sùlé ní kí n jẹ́ kí òun ṣàlàyé,” ó wí. “Kò bẹ̀ mí ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Màmá gbé oúnjẹ wá, ó gbé e sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì padà sẹ́yìn. A jókòó síbẹ̀, èmi àti òun, títí wọ́n fi pe ìrun Mọ̀gàríbì.